Bí a ṣe ń kọ́ fọ́tò yíyà lára ọ̀gá tí a kò bá pàdé rí

Wọ́n á sọ fún ẹni tó ń kọ́ fọ́tò yíyà pé, "Mú ọ̀gá kan, kí o máa yà bíi tiẹ̀." Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí. Ọmọ iṣẹ́ á wá gbé fóònù, á wá àwọ̀ tó jọ ti ọ̀gá, á tẹ̀ ẹ́ lé fọ́tò tó ti yà tẹ́lẹ̀, á sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí kò jọ. Kò lè jọ, torí pé àwọ̀ ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́. Kí ọ̀gá tó dé orí àwọ̀, ó ti yan ibi tí ìmọ́lẹ̀ á ti wá, ó ti yan ibi tí òun máa dúró sí, ó ti yan ohun tó máa wà lẹ́yìn ẹni tó ń yà, ó sì ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò fẹ́ kó wọnú fọ́tò rárá. Àwọn ìpinnu wọ̀nyẹn la máa ń rí tí a fi ń sọ pé, "Ọwọ́ lágbájá nìyí." Kéèyàn tú wọn palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn ṣe, ohun tí à ń pè ní àwòkọ́ṣe nìyẹn.

Kí àlàyé yìí má bàa fò lókè jù, ọ̀gá kan ṣoṣo la máa mú, J.D. 'Okhai Ojeikere, Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó la sì máa ti ṣe é. Wọ́n bí i ní 1930 ní Ovbiomu-Emai, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ẹdó lónìí, ó sì kú ní 2014. Kámẹ́rà Brownie D ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ó ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò fún ìjọba n'Íbàdàn, ó ya fọ́tò fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn, kó tó kó wá sí Èkó ní 1963. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, kò sì fi í sílẹ̀ títí fọ́tò irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi tó nǹkan bí 1,000.

A mú un torí pé àwọn ìpinnu rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì hàn kedere. Kò ná èèyàn ní iná ńlá tàbí ilé fọ́tò olówó gọbọi. Ẹni tó ní fóònù, aṣọ funfun kan àti ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Irun dídì àti irun kíkó náà sì ṣì wà lórí àwọn ìyá àti ọmọ wa, kò di ìgbà tí a bá lọ wá a kiri.

Ẹ kọ́kọ́ kà á

Ẹ wá fọ́tò 20 jọ nínú ọ̀wọ́ irun yẹn nìkan. Ẹ má kó gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ pọ̀, torí pé ó tún ya ilé, ó ya ayẹyẹ, ó ya gèlè, ìpinnu tó ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ojú fóònù kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi wò wọ́n, tàbí kí ẹ tẹ mẹ́ta-mẹ́rin jáde sórí bébà A4.

Ẹ gbé rúlà. Ẹ wọn ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ lókè sí ibi tí èjìká parí sí, kí ẹ wò ó pé ìdá mélòó nínú gíga fọ́tò ni. Ẹ wọn àlàfo tó wà lókè orí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá máa fi ṣe èyí fún mẹ́wàá, ojú yín á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹnu kò sọ: nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìpàkọ́ ló kọjú sí wa, nínú àwọn míì ó jẹ́ ẹ̀gbẹ́; ojú kò sí láti gba àfiyèsí lọ́wọ́ irun; ẹ̀yìn mọ́ lóló, kò sí àga, kò sí ògiri, kò sí òpópónà; funfun àti dúdú nìkan ni. Ohun tó kọ̀ sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tó mú lọ. Ẹ kọ àwọn tó kọ̀ sílẹ̀ yẹn náà sínú ìwé. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń fò kọjá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tó wúwo jù wà.

Ó kan ìmọ́lẹ̀. Bí ojú bá wà nínú fọ́tò, ó rọrùn: ẹ wo ẹyinjú, ẹ ó rí àwòrán fèrèsé tàbí iná tó ń tàn níbẹ̀. Nínú fọ́tò irun tí wọ́n ti ẹ̀yìn yà, ẹyinjú kò sí, etí lẹ máa wò. Òjìji etí á ṣubú sára ọrùn. Òdìkejì ibi tó ṣubú sí ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ẹ wá wo ibi tí òjìji náà parí sí. Bó bá mú bí ojú ọ̀bẹ, ohun kékeré ló tan ìmọ́lẹ̀ náà, bí oòrùn gangan tàbí iná fláàṣì. Bó bá ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ohun ńlá ni: fèrèsé, ẹnu ọ̀nà, tàbí ojú ọ̀run tó ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìlà tó wà láàárín irun. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà wá tààrà á sọ gbogbo dídì di pẹlẹbẹ, bíi pé wọ́n fi táàdáwà fà á sórí páálí. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá á tan apá kan dídì kọ̀ọ̀kan, á fi apá kejì sínú òkùnkùn, ìlà á sì jìn bí poro oko.

Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀pẹ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìyẹn ni oòrùn ọ̀sán fi ń dúró lé wa lórí gan-an, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá ya irun níta gbangba láàárín aago méjìlá sí aago méjì á rí i pé àtàrí á máa dán báláú, ọrùn á dúdú bí èédú, irun tó wà ní ìpàkọ́ á sì sọnù.

Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ wá pálọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà. Láàárọ̀, láti bí aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àbọ̀, ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló dára. Nírọ̀lẹ́, láti bí aago mẹ́ta àbọ̀ sí márùn-ún àbọ̀, èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn. Bí ilé bá wà létí ọ̀sà, omi á máa da ìmọ́lẹ̀ padà sókè láti ìsàlẹ̀, òjìji abẹ́ etí á sì rọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sílẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà láti pa á. Ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé tàbí búlúù á ràn mọ́ awọ ara. Nínú fọ́tò funfun àti dúdú kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ bí ẹ bá máa tọ́jú èyí tó ní àwọ̀, ẹ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbé àpótí sí nǹkan bí mítà kan sí mítà kan àbọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Kí ẹni tó jókòó fi ẹ̀gbẹ́ sí ìmọ́lẹ̀, kó má kọ ẹ̀yìn sí i. Aṣọ funfun bíi ọ̀pá méjì tó fún ẹ̀yìn. Ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì fà á le gbọnrangandan; ìhùnjọ aṣọ ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú máa rí lẹ́yìn orí tó mọ́. Bó bá fẹ́lẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ po ní méjì kí ògiri má bàa hàn. Ẹ fi í sí mítà kan àbọ̀ lẹ́yìn ẹni náà, kí òjìji rẹ̀ má bàa ṣubú lé e.

Aṣọ funfun kan náà lè jáde ní funfun, ní àwọ̀ eérú, tàbí ní dúdú díẹ̀. Bó bá ṣe súnmọ́ ẹnu ọ̀nà tó ló ṣe máa funfun tó, bó bá ṣe wọnú yàrá tó ló ṣe máa ṣókùnkùn tó. Ìmọ́lẹ̀ ń rẹ̀ bó ti ń jìnnà síbi tó ti wá. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn fọ́tò ọ̀gá bá jẹ́ àwọ̀ eérú tí tiyín sì funfun, ẹ má ì tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ẹ gbé aṣọ kúrò níbi tó wà ná.

Bí ìhà tí kò rí ìmọ́lẹ̀ bá dúdú jù, ẹ gbé páálí funfun sí i, ní bíi ìgbọ̀nwọ́ kan sí orí. Bó bá mọ́ jù tí dídì ń di pẹlẹbẹ, aṣọ dúdú ni kí ẹ gbé síbẹ̀ dípò rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa dúró sí

Lẹ́ǹsì 1x orí fóònù ń rí ibi tó gbòòrò. Kí orí kan tó lè kún inú rẹ̀, ẹ ní láti súnmọ́ ọn gan-an. Bí ẹ bá súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìpàkọ́ á wú síta, etí méjèèjì á sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ọrùn á tínrín. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní lẹ́ǹsì ni kò dára. Ìjìnnà ló fà á. Ẹ sún sẹ́yìn tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, kí ẹ lo 2x tàbí 3x bí fóònù bá ní lẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kò bá ní, ẹ yà á ní 1x láti bíi mítà kan, kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà dànù lẹ́yìn náà. Ó sàn ju kéèyàn súnmọ́ orí náà jù lọ. Ẹni tó ní kámẹ́rà gidi lè lo lẹ́ǹsì 50 mm lórí kámẹ́rà oníṣẹ́ńsọ̀ kékeré (sẹ́ńsọ̀ ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà), tàbí 85 mm lórí èyí tó tóbi.

Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan àárín orí. Ẹni tó jókòó wà lórí àpótí, nítorí náà ẹ̀yin náà á kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó. Bí ẹ bá dúró tí ẹ ń wolẹ̀, àtàrí á tóbi, ọrùn á sì kúrú.

Ibi tí fọ́tò irun ti ń bàjẹ́ jù

Irun dúdú wà níwájú aṣọ funfun. Kámẹ́rà kò mọ irun, kò mọ aṣọ. Ohun tó mọ̀ ni pé kí gbogbo ohun tó wà níwájú òun bá àwọ̀ eérú dọ́gba. Bí funfun bá pọ̀ nínú fọ́tò, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, irun á sì di òkìtì dúdú kan tí ìlà kankan kò hàn nínú rẹ̀. Bí irun bá kún ibẹ̀ pátápátá ńkọ́? Á rò pé òkùnkùn ni, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, irun dúdú á wá dà bí èyí tí wọ́n da eérú lé lórí. Nǹkan tó ń dààmú ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ nìyí: wọn ò yí nǹkan kan padà, síbẹ̀ fọ́tò méjì tí wọ́n yà tẹ̀léra kò bára mu.

Lórí fóònù, ẹ tẹ orí irun níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti pàdé, kí ẹ di ìka mú un títí á fi tì pa. Ẹ wá fi ìka fa àmì oòrùn kékeré yẹn sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìlà nínú apá tó dúdú, tí apá tí òróró ń dán lórí irun kò sì tíì di àpá funfun lásán. Lórí kámẹ́rà, ẹ fi +0.7 sí +1 kún ìmọ́lẹ̀ níbi àmì +/- bí ẹ̀yìn bá funfun, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ yan gbogbo rẹ̀: f/8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó), 1/125 sẹ́kọ́ńdì (bí ihò náà ṣe máa gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́ tó), kí ẹ sì gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó) láti 400 lọ sókè títí á fi tó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ f/8, nígbà tí gbogbo èèyàn ń pariwo f/1.8? Lórí kámẹ́rà oníṣẹ́ńsọ̀ ńlá, pẹ̀lú 85 mm láti mítà kan àbọ̀, ohun tó máa já gaara ní f/1.8 kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Dídì kan á hàn, èyí tó tẹ̀lé e á ṣú. Ní f/8 á tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn sì máa ń gba ibi tí irun wà. Torí ìdí kan náà, ẹ pa Portrait orí fóònù, èyí tó ń mú kí ẹ̀yìn ṣú. Ó ń fojú dá ibi tí orí parí sí ni, ó sì máa ń gé ṣónṣó òwú àti irun wínníwínní etí orí dànù bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé bébà. Ohun tó ń mú ojú dán náà, ẹ pa á. Irun kò nílò ìpara.

Ibi tí ẹ máa yà nínú orí

Ọ̀gá kì í fi orí gbogbo síbi kan náà láìronú. Irun ló ń sọ ibi tí wọ́n á ti wò ó. Kòlẹ́sẹ̀ ń ti iwájú bọ̀ wá sí ọrùn, ìdí rẹ̀ sì wà ní ìpàkọ́, ẹ̀yìn gan-an ni kí ẹ ti yà á. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń ti ọrùn lọ síwájú, nítorí náà ẹ̀yìn á fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn, àmọ́ kò ní fi òpin rẹ̀ hàn. Ẹ yí àpótí ní bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ òbíírí. Pàtẹ́wọ́ pàdé láàárín orí, ìlà àárín yẹn sì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán nínú fọ́tò. Ṣùkú kó gbogbo rẹ̀ jọ sí àtàrí: ẹ̀gbẹ́ ló bá a mu jù. Irun kíkó tó ga, bí onílé gogoro tí Ojeikere yà ní 1975, nílò àlàfo lókè, kí ó má dà bíi pé ó fẹ́ gbá àjà.

Ẹ ní kí ẹni tó jókòó ju èjìká sílẹ̀ kó sì na ọrùn. Kọ́là aṣọ á bo ibi tí dídì parí sí, nítorí náà ìró tí wọ́n so sísàlẹ̀ èjìká ló dára jù. Kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, ẹ wo ọrùn fún ìgékù òwú àti irun tó já sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan lèyí. Yíyọ wọn lórí kọ̀ǹpútà lè gba ìdajì wákàtí.

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn tó: "Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Irun yín wù mí púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà á? Ẹ̀yìn orí nìkan ni, ojú yín ò ní hàn." Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Ẹ̀pẹ́ ló jẹ́ Mùsùlùmí tí wọn kì í ṣí orí sílẹ̀ níwájú ẹni tí kì í ṣe ará ilé wọn. Ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i. Ọ̀gá náà ya gèlè, gèlè sì ní ẹ̀yìn tó lẹ́wà bí irun. Ìṣẹ́po rẹ̀ gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ràn. Bó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ lẹ máa bi.

Sísọ ọ́ di funfun àti dúdú

Kí ẹ kàn yọ àwọ̀ kúrò kò tó. Irun dúdú àti awọ ara tó dú lè wá di ohun kan náà, tí ibi tí irun parí sí lórí ọrùn kò ní hàn mọ́. Nínú áàpù tó bá ń jẹ́ kí ẹ yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ gbé pupa àti ọsàn sókè díẹ̀díẹ̀: awọ ara á mọ́ sí i, irun á dúró síbi tó wà. Ẹ má gbé e jù, kí ẹni náà má bàa di aláwọ̀ míì. Èyí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó fa dúdú àti funfun jìnnà síra. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fà wọ́n, ohun tó ti di dúdú kirikiri kò ní padà mọ́.

Orí méjìlá

Fọ́tò kan kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ti mọ ọ́n. Agbára iṣẹ́ Ojeikere wà nínú pé ó ṣe ohun kan náà léraléra, tó fi jẹ́ pé ohun tó yàtọ̀ láàárín fọ́tò kan sí èkejì ni irun nìkan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀: ibi àpótí, ibi kámẹ́rà, ibi aṣọ. Ẹ ya orí méjìlá láìyí nǹkan kan padà. Fíìmù 120 tí wọ́n ń fi ya fọ́tò onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, méjìlá péré ló ń gbà. Ẹ fún ara yín ní méjìlá náà, fọ́tò kan fún orí kan. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa tẹ̀ ẹ́ á wo kọ́là, á wo òwú, á wo ìhùnjọ aṣọ.

Ẹ to méjèèjìlá sójú kan náà, kí ẹ fi mẹ́ta ti ọ̀gá sáàárín wọn. Ẹ dín ojú yín kù títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣú díẹ̀. Èyí tó bá yọ síta láàárín wọn, ohun kan ló fà á, ẹ sì máa ń rí i kíákíá: orí kéré jù, ẹ̀yìn mọ́ jù, tàbí ìmọ́lẹ̀ ti yí padà torí pé ọjọ́ ti ń lọ.

Nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, ẹ mú ọ̀gá tí ìpinnu rẹ̀ takò ó. Seydou Keïta ti Bamako (1921–2001), tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948, ń fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣiṣẹ́, fọ́tò kan fún oníbàárà kan ló sì sábà máa ń yà. Títí dé ibí ó jọ. Àmọ́ aṣọ alárànbarà ló ń ta sẹ́yìn ẹni tó wọ aṣọ alárànbarà, ojú àti ọwọ́ sì hàn. Ẹ̀yìn mímọ́ ń mú kí a ka irun. Ẹ̀yìn alárànbarà ń jẹ́ kí ojú nìkan sinmi láàárín ariwo aṣọ. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan: bí ẹ bá ya irun dídì níwájú àǹkárá, ìlà irun àti ìlà aṣọ á máa jà, kò sì ní sí èyí tí ẹni kankan máa rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ di gbogbo ìpinnu Ojeikere mú, kí ẹ yí ohun tí ẹ ń yà nìkan padà. Ọjà ẹja Olúwo kún fún ohun tó yẹ fún un: òṣùká tí àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù, agbọ̀n ẹja, fìlà àwọn apẹja. Òṣùká méjìlá, aṣọ funfun kan náà, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìjìnnà kan náà. Níbẹ̀ lẹ ti máa mọ èyí tó jẹ́ ti irun nínú ohun tí ẹ kọ́, àti èyí tó jẹ́ ọ̀nà ìríran.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wa ni pé ṣé olè kọ́ ni èyí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ń dáàbò bo fọ́tò tí ẹnì kan yà; kò fi ọ̀nà tó gbà yà á ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Kí ẹ ya irun láti ẹ̀yìn níwájú aṣọ funfun kò ní wàhálà. Kí ẹ tẹ fọ́tò Ojeikere gan-an jáde kí ẹ máa tà á, tàbí kí ẹ gbé e sójú ìwé yín bíi tiyín, ìyẹn ni olè. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ àwòkọ́ṣe hàn níta, ẹ kọ orúkọ ọ̀gá sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta míì sí i lọ́jọ́ tí ẹ yà á gan-an: orúkọ irun náà bí onídìrí ṣe pè é, orúkọ onídìrí bó bá gbà bẹ́ẹ̀, àti ọjọ́. Onídìrí méjì ní àdúgbò kan lè pe irun kan ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ méjèèjì. Bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti tú irun náà, kò sí ẹni tí ẹ máa tún bi.